Ìmúrasílẹ̀ fún Bíbí Ọmọ Tó Tóbi: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Aboyún àti Ẹbí Wọn ní Surulere, Yaba àti Mushin

Ọmọ tó tóbi jẹ́ ohun ayọ̀ láàrin wa. Bí ìyá bá gbé ọmọ tó ki pọ́pọ́ délé, gbogbo agboolé ni yóò máa kí i kú oríire. Ṣùgbọ́n kí ọmọ náà tó dé ọwọ́ ẹni, ó ní láti gba àárín eegun ìbàdí ìyá rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti gba ìmúrasílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìyá tí ọmọ wọn tóbi ló ń bí i láìsí iṣẹ́ abẹ, tí tìyá tọmọ sì ń wà ní àlàáfíà. Ewu máa ń pọ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọ náà tóbi, tàbí nígbà tí ìrọbí bá bá ìyá ní ibi tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe bí èjìká ọmọ bá há. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ohun tí aboyún, ọkọ rẹ̀ àti ẹbí lè ṣe láti ìgbà tí oyún ti wà ní kékeré títí di ẹ̀yìn ìbímọ.

Ọmọ wo ni a ń pè ní ọmọ tó tóbi?

Ìwọ̀n ọ̀pọ̀ ọmọ tí oyún wọn pé oṣù ní orílẹ̀-èdè wa máa ń tó kílò 3 tàbí kí ó lé díẹ̀. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ bá jẹ́ kílò 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí a bí i ni àwọn oníṣègùn ń kà sí ọmọ tó tóbi. Àwọn mìíràn kì í lo orúkọ náà àfi bí ìwọ̀n bá dé kílò 4.5. Bí ìwọ̀n bá ṣe ń lọ sókè ni ewu ń pọ̀ sí i: ìrọbí lè pẹ́, ojú ara ìyá lè ya, ẹ̀jẹ̀ lè dà jù lẹ́yìn ìbímọ, èjìká ọmọ sì lè há lẹ́yìn tí orí ti jáde.

Ikùn ńlá nìkan kò tó ẹ̀rí pé ọmọ tóbi. Ìbejì, omi tó pọ̀ jù nínú ilé-ọmọ, ìju, tàbí àṣìṣe nínú kíka ọjọ́ oyún lè mú kí ikùn ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ṣe pàtàkì kí aboyún tètè forúkọ sílẹ̀ ní iléèwòsàn, kí a lè mọ ọjọ́ oyún rẹ̀ dájú láti ìbẹ̀rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo aboyún nímọ̀ràn láti rí olùtọ́jú ó kéré tán ní ìgbà 8 kí ó tó bímọ, kí ìgbà àkọ́kọ́ sì wáyé láàrin ọ̀sẹ̀ 12 ìbẹ̀rẹ̀ oyún.

Ohun tó ń mú kí ọmọ tóbi

Àwọn ohun kan wà tí a kò lè yí padà. Bí ìyá àti bàbá bá jẹ́ ènìyàn ńlá, bí ọmọ inú bá jẹ́ ọkùnrin, bí ìyá bá ti bímọ lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí bí ó bá ti bí ọmọ tó tóbi rí, ó ṣeé ṣe kí ọmọ yìí náà tóbi. Bí oyún bá kọjá ọ̀sẹ̀ 41, ọmọ ń dàgbà sí i nínú ibẹ̀ ni.

Àwọn mìíràn wà tí a lè bójú tó. Àkọ́kọ́ ni àtọ̀gbẹ, yálà èyí tí ìyá ti ní kí ó tó lóyún tàbí èyí tí oyún fà. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, yóò gba inú ibi ọmọ kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Ara ọmọ yóò wá máa pèsè ínsúlínì púpọ̀ láti lo ṣúgà náà, èyí yóò sì mú kí ó sanra, pàápàá ní àyà àti èjìká. Nítorí náà, bí ọmọ méjì bá jẹ́ kílò 4 lọ́gbọọgba, èyí tí àtọ̀gbẹ ìyá rẹ̀ mú tóbi ni èjìká rẹ̀ ṣeé ṣe jù kí ó há. Èkejì ni kí ìyá ti sanra jù kí ó tó lóyún, ẹ̀kẹta sì ni kí ó sanra ju bó ṣe yẹ lọ nígbà oyún.

Àyẹ̀wò ṣúgà láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28

Àtọ̀gbẹ tí oyún fà kì í sábà ní àmì tí ìyá lè fi mọ̀ ọ́n. Àyẹ̀wò ìtọ̀ nìkan kò sì tó láti rí i. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà tí oyún bá wà láàrin ọ̀sẹ̀ 24 sí 28. Bí ẹ bá sanra, bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní àtọ̀gbẹ, tàbí bí ẹ bá ti bí ọmọ tó tóbi rí, ẹ béèrè ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Ìyá kì í jẹun láti alẹ́ kí ó tó lọ ṣe àyẹ̀wò yìí. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, a ó fún un ní omi tí a po gúlúkóòsì gíráàmù 75 mọ́, a ó sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan àti lẹ́yìn wákàtí méjì. Ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé, bí èsì àkọ́kọ́ bá tó 5.1 mmol/L, tàbí ti wákàtí kan tó 10.0, tàbí ti wákàtí méjì tó 8.5, ìyá náà ní ìtọ́jú tí yóò gbà. Ọ̀kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Fún ọ̀pọ̀ ìyá, àtúnṣe oúnjẹ àti ìdárayá ti tó láti mú ṣúgà wálẹ̀. Àwọn mìíràn yóò nílò oògùn tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ìtọ́jú yìí ń dín ewu ọmọ tó tóbi àti ti èjìká tó há kù.

Oúnjẹ, ìrìn àti àgbo

Ọ̀pọ̀ ẹbí gbà pé kí aboyún máa mu mọ́ọ̀tì pẹ̀lú mílíìkì kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè pọ̀. Ṣúgà ló pọ̀ nínú mọ́ọ̀tì àti ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀jẹ̀ ń wá láti inú ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran, ẹja àti oògùn tí iléèwòsàn ń fún aboyún. Ẹ kò ní láti pa àmàlà, ẹ̀bà tàbí iyán tì. Ẹ dín òkèlè kù títí yóò fi gba bí ìdá mẹ́rin abọ́, kí ẹ̀fọ́ tàbí ilá gba ìdajì, kí ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹran gba ìyókù. Ẹ fi omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ìyá tí ìwọ̀n ara rẹ̀ bá gíga rẹ̀ mu kí ó tó lóyún lè fi kílò 11.5 sí 16 kún un títí yóò fi bímọ. Ẹni tó ti sanra díẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò yẹ kó kọjá 7 sí 11.5, ẹni tó sì ti sanra púpọ̀, 5 sí 9. Bí dókítà kò bá ní kí ẹ sinmi, rírìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, ń ran ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà, ó sì ń mú kí ìyá lágbára fún ọjọ́ ìkúnlẹ̀.

Kò sí àgbo kan tí a fi ẹ̀rí mọ̀ pé ó ń dín ìwọ̀n ọmọ inú kù. Àwọn ewé àti egbò kan sì wà tí wọ́n ń mú kí ilé-ọmọ sún kì láìtọ́jọ́. Ààwẹ̀ gbígbà kí ọmọ lè kéré náà kò dára, nítorí ó lè ṣe ìyá àti ọmọ ní jàǹbá. Bí ẹ bá ti ń mu àgbo, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì láìbẹ̀rù.

Láti ọ̀sẹ̀ 35, ìyá tí kò tíì bímọ rí lè máa fi òróró tó mọ́ àti ọwọ́ tí a fọ̀ dáadáa ra ẹnu ojú ara ní jẹ́jẹ́, kí ó lè rọ̀. Ó ń dín yíya kù nígbà ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí agbẹ̀bí ṣàlàyé bí a ti ń ṣe é.

Bí síkáànì bá sọ pé ọmọ tóbi

Síkáànì kò gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n. Ó ń wọn orí, ikùn àti eegun itan, ó sì ń fi ìṣirò díwọ̀n bí ọmọ yóò ti tóbi tó. Ìṣirò náà lè yàtọ̀ sí òtítọ́ ní ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ìwé èsì bá sọ pé kílò 4, ọmọ náà lè jẹ́ 3.5, ó sì lè jẹ́ 4.5. Nítorí náà, iye yìí nìkan kò tó láti ní kí a la ikùn ìyá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú fò ó.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ìbímọ ní Amẹ́ríkà dábàá pé kí a jíròrò iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ìyá bí ìfojúdíwọ̀n ọmọ bá tó kílò 5, tàbí kílò 4.5 fún ìyá tó ní àtọ̀gbẹ. Nísàlẹ̀ iye yìí, ọ̀pọ̀ ìyá lè gbìyànjú láti bí fúnra wọn bí ọmọ bá dorí kodò tí kò sì sí ìdí mìíràn. Lára ìdí mìíràn ni kí ọmọ fi ìdí síwájú, kí èjìká ọmọ ti há rí nínú ìbímọ ìṣáájú, tàbí kí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ìyá rí. Dókítà lè dábàá pé kí a mú ìrọbí bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó tóbi jù. Ìwádìí fi hàn pé èyí ń dín híhá èjìká kù, kò sì fi kún iye àwọn tí a ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Iléèwòsàn nìkan ni ó ti yẹ kí ó wáyé.

Ibi tí ẹ ó bímọ sí

Ìpinnu yìí ló ṣe pàtàkì jù lọ. Ìyá tí a ń fura pé ọmọ rẹ̀ tóbi nílò ibi tí agbẹ̀bí tó kọ́ṣẹ́, dókítà, yàrá iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀jẹ̀ wà, lọ́sàn-án àti lóru. Ní agbègbè wa, ìjọba ìpínlẹ̀ ní General Hospital Randle àti ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ ní Gbájà, Surulere. General Hospital Mushin. Àti iléèwòsàn Harvey Road ní Yaba. Ìjọba àpapọ̀ ní LUTH ní Ìdí-Àràbà àti Federal Medical Centre ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta. Ẹ lè máa gba ìtọ́jú ní ilé ìlera alábọ́dé tó súnmọ́ ilé yín, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n kọ ìwé tí yóò darí yín sí iléèwòsàn ńlá kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi iléèwòsàn tí ẹ bá yàn léèrè bóyá dókítà máa ń wà lóru, bóyá yàrá iṣẹ́ abẹ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, àti ohun tí wọ́n ń béèrè nípa ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan fẹ́ràn ilé agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tàbí ilé ìgbẹ̀bí ìjọ, nítorí pé wọ́n ń gba tọwọ́tẹsẹ̀ wọn níbẹ̀, tí wọ́n sì ń gbàdúrà fún wọn. Ìgbìmọ̀ Ìṣègùn Ìbílẹ̀ Ìpínlẹ̀ Èkó ń forúkọ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ kò fún ilé wọn ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Àdúrà ṣeé gbà ní ibikíbi. Agbẹ̀bí tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa tètè darí ìyá tí ọmọ rẹ̀ tóbi síwájú. Ẹ sá fún ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fún yín ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ìrọbí le láìsí dókítà àti ohun èlò láti ṣọ́ ọmọ. Irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè fa ilé-ọmọ ya, pàápàá fún ìyá tó ní àpá iṣẹ́ abẹ.

Ìmúrasílẹ̀ nínú ilé

Ọkọ̀: Láti ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Surulere, Lagos Mainland àti Mushin, kò sì yẹ fún ìyá tó ń rọbí tẹ́lẹ̀. Ẹ bá onímọ́tò kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú, ẹ sì ní ẹlòmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ronú nípa sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Ojúẹlẹ́gba ní ìrọ̀lẹ́ àti géètì àdúgbò tí wọ́n ń tì lóru. Ẹ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní pàjáwìrì, ẹ pe 767 tàbí 112. Ọ̀fẹ́ ni ìpè náà.

Owó: Ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní Ìlera Èkó, ẹ sì béèrè ohun tí ètò yín bò ní ti ìbímọ àti iṣẹ́ abẹ. Ẹ tún fi owó díẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀jẹ̀: Ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ní, ẹ sì wá ẹni méjì tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ìpinnu: Kí tọkọtaya àti àwọn àgbà ilé fẹnu kò ṣáájú pé bí dókítà bá ní iṣẹ́ abẹ yẹ, a kì yóò fi àkókò ṣòfò. Àdúrà "àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní" tí a ń ṣe fún aboyún kò yọ iṣẹ́ abẹ sílẹ̀. Ìyá tó bí nípa iṣẹ́ abẹ tí ó sì gbé ọmọ rẹ̀ délé ti sọ̀ kalẹ̀ sí àǹfààní. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọjọ́ ìkúnlẹ̀

Ẹ lọ sí iléèwòsàn ní kété tí ìrọbí bá ń wá léraléra tàbí tí omi bá ya, ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbà yín pé wọ́n ti fura pé ọmọ náà tóbi. Ẹ mú káàdì àti ìwé síkáànì dání. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i pé kí ẹnìkan tí ìyá fẹ́ràn wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ béèrè bí iléèwòsàn ti ń ṣe é.

Kí ìyá máa rìn, kí ó jókòó, kí ó sì yí ipò padà níwọ̀n bí a bá gbà á láyè. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́ kò ran ọmọ lọ́wọ́. Kì í ṣe lásán ni Yorùbá ń pe ìbímọ ní ìkúnlẹ̀: lórí eékún ni àwọn ìyá wa ti ń bímọ láyé àtijọ́. Àwọn agbẹ̀bí òde òní náà ń lo ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nílẹ̀ láti fi àyè sílẹ̀ fún èjìká ọmọ.

Bí orí bá jáde tí èjìká kò tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló wà. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò tóbi pẹ̀lú, nítorí náà ni gbogbo agbẹ̀bí fi ń kọ́ ohun tí a ń ṣe. Wọn yóò pe ìrànlọ́wọ́, wọn yóò ká itan ìyá méjèèjì mọ́ ikùn rẹ̀ gírígírí, ẹnìkan yóò sì tẹ ibi tó wà lókè eegun ojú ara láti ti èjìká ọmọ wọlé. Ọgbọ́n kíká itan yìí ni a fi orúkọ William McRoberts, dókítà ará Amẹ́ríkà, pè. Bí wọ́n bá ní kí ìyá má ṣe rin mọ́ fún ìgbà díẹ̀, tàbí kí ó yí padà sórí eékún, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fa orí ọmọ tagbáratagbára, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gun ikùn ìyá tàbí fi ìgúnpá tẹ òkè rẹ̀. Ó ń mú kí èjìká há sí i ni, ó sì lè ya ilé-ọmọ.

Lẹ́yìn ìbímọ

Ilé-ọmọ tó ti nà púpọ̀ lè má tètè sún kì, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà. Abẹ́rẹ́ tí a ń fún ìyá ní kété tí ọmọ bá jáde wà láti dènà èyí. Ìwádìí E-MOTIVE, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2023 láti iléèwòsàn tó lé ní 70 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa, fi hàn pé bí a bá ń wọn ẹ̀jẹ̀ tó ń dà dípò kí a máa fojú díwọ̀n rẹ̀, tí a sì fún ìyá ní gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀ dídà tó le ń dín kù gan-an.

Ẹ fún ọmọ lọ́mú láàrin wákàtí kan. Ṣúgà ara ọmọ tó tóbi lè já wálẹ̀ lójijì, pàápàá bí ìyá bá ní àtọ̀gbẹ. Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. Omi ọmú àkọ́kọ́ ni oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe omi gúlúkóòsì.

Ẹ wo apá ọmọ méjèèjì. Bí ọ̀kan kò bá mì bí èkejì, ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ pé kí ó má na apá náà, kí ó má sì fi apá gbé ọmọ sókè. Ọ̀pọ̀ irú apá bẹ́ẹ̀ ń padà bọ̀ sípò bí a bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Ìyá tí oyún fa àtọ̀gbẹ fún gbọ́dọ̀ tún àyẹ̀wò ṣúgà ṣe láàrin ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 lẹ́yìn ìbímọ, nítorí àtọ̀gbẹ lè padà wá lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ má ṣe dúró bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí

Kí ẹ̀jẹ̀ máa dà kí ẹ tó bímọ, tàbí kí ó pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí orí máa fọ́ gan-an tí ojú sì ń ṣú, gìrì, ibà, kí ọmọ má mì bó ti ṣe máa ń mì, kí omi tó ya ní àwọ̀ ewé, tàbí kí okùn ìwọ́ yọ síta. Ẹ lọ sí iléèwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ sì pe 767 tàbí 112 bí kò bá sí ọkọ̀.

Àdúrà wa fún gbogbo aboyún Ìpínlẹ̀ Èkó ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ.